Ọ̀rẹ́ Ọjà: Bí Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké Ṣe Lè Bá Ara Wọn Gbé Pọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa



Olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe oníṣòwò. Ṣùgbọ́n owó ẹja yíyan ni a fi rán wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ẹni méjì tí ń ta ohun kan náà, tí ìsọ̀ wọn kangun sí ara wọn, ṣe lè jẹ́ ọ̀rẹ́ títí di alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ojú ìlú wa ti rí. Ní ọdún 1839, àwọn Yorùbá àti Haúsá tí a ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n sì ń gbé ní Freetown, fẹ́ padà sí ilẹ̀ wọn. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ òkun kan tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n kó ọjà sínú rẹ̀, Àgbádárìgì yìí ni wọ́n sì gúnlẹ̀ sí.

Bí ó ti rí náà ni èsúsú. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921: olúkúlùkù a máa dá iye kan náà, a ó sì máa kó o fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ó ti kàn án. Àwọn ènìyàn wa gbé e kọjá òkun. Ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà ní 1935, kì í ṣe ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n kọ́ wa, bí kò ṣe ìwé àti àkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Ìyá wa àti obìnrin kan jọ ta ẹja yíyan ní ọjà Agbálátà fún ọdún 24. Bí ọ̀kan bá lọ sí òde òkú, èkejì a bá a ta tirẹ̀, a sì ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé pérépéré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ìhà Kútọnu ni ọjà obìnrin yìí ti ń wá. Ó yá ₦40,000 lọ́wọ́ ìyá wa. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, nítorí pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ìyá wa rò pé oṣù mẹ́ta ni; ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ìgbà tí ẹnubodè bá ṣí ni. Ẹnubodè kò sì ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020.

Àwa ni ìyá wa ní kí a bá òun kọ lẹ́tà. A kọ ọ́ bí olùkọ́ ti í kọ ọ́, a sì fi orúkọ ọlọ́pàá dẹ́rù ba obìnrin náà. A rò pé a ran ìyá wa lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí òpin ọjà. Ó san owó náà pé ní 2021. Ọmọ rẹ̀ ni ó fi rán. Owó ti padà, ọ̀rẹ́ kò tíì padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun ìyá wa ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsọ̀ rẹ̀ fi wà ní títì. Kò sí ẹni tí yóò bá a ta.

Nínú èyí ni a ti kọ́ ohun mẹ́rin tí a fi ń bẹ̀ yín.

Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, ọjọ́ tí a ó san án, àti ohun tí a ó ṣe bí nǹkan bá yí padà. Ìwé kì í ṣe àmì àìfọkàntánni. Òun ni í rántí nígbà tí ẹni méjì bá gbàgbé.

Èkejì, ẹ má ṣe já owó ọjà wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹja bá fẹ́ bàjẹ́, tí ẹ sì fẹ́ tà á lọ́pọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un. Oníbàárà tí ó dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe pè é títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe yá ọ̀rẹ́ ní owó tí àìpadà rẹ̀ lè ti ìsọ̀ yín. Èyí tí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ yá a nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ lè sin gbèsè láìjẹ́ pé ìkíni òwúrọ̀ dópin láàárín ẹni méjì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ tí ó mọ̀wé, nílé, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù: bí ìyá yín bá fi ìjà ọjà lọ̀ yín, ẹ má ṣe sáré mú gègé. Ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Àwọn tí ó jọ ń jókòó sí ọjà ni ó mọ bí a ti í parí ìjà ọjà.

Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. A ti bẹ ìyálọ́jà kan pé kí ó bá wa lọ sí òpin ọjà náà lẹ́yìn ìpàdé yìí. Àwa tí a kọ lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí ìyá wa tó sọ̀rọ̀. Ẹ bá wa gbàdúrà kí obìnrin náà gbà wá.

Kí Ọlọ́run bùkún ọjà wa, kí ó sì dá ìlú wa sí. Àmín.