Kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Ojú

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ni bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà yẹ ojú wò, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ oníṣègùn ojú. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń yẹ ojú wò. Lẹ́tà sì ni iṣẹ́ tiwa.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ra gààrí ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé bí ìdí kóńgò bá ti wọnú, gààrí inú rẹ̀ kò lè pé, bí ó ti wù kí a bù ú kún tó. Òṣùwọ̀n ni kọ̀ǹpútà náà. Ní ọdún 1862 ni Herman Snellen, dókítà ojú ará ilẹ̀ Nẹ́dálaǹdì, gbé àtẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde. Ìlànà rẹ̀ ni pé láti mítà 6, ojú tí ó mú dáadáa yẹ kí ó lè dá lẹ́tà tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8.7 mọ̀. Èyí ni à ń pè ní 6/6. Bí iyàrá kò bá gùn, tí ó jẹ́ mítà 3 ni a dúró sí, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fi téèpù wọn ilẹ̀, tí kò sì fi rúlà wọn lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, kò tíì yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò. Àwọn ètò kan tilẹ̀ máa ń ní kí a fi káàdì báǹkì díwọ̀n, nítorí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 85.6 níbi gbogbo.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni pé kí a mú ọmọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán a máa ríran nítòsí. Yóò yege, yóò padà sí ìjókòó ẹ̀yìn tí kò ti lè rí ojú pátákó, àwa yóò sì máa pè é ní olódo. Ní sẹ̀ǹtímítà 40, lẹ́tà 6/6 kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Kọ̀ǹpútà lásán kò lè fa ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta E sínú irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo lẹ́tà fúnra rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́wàá tí a fi orúkọ Louise Sloan ará Amẹ́ríkà pè ni C, D, H, K, N, O, R, S, V àti Z. Mẹ́ta nínú wọn, C, V àti Z, kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Bí ọmọ bá pe Z ní S, ta ni ó lè sọ bóyá ojú ni ó ṣì í tàbí ahọ́n? Ìyá àgbà tí kò kàwé ńkọ́? Lójú tèmi, E tí a ń yí sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún àti sósì ni ó tọ́, kí ẹni náà máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí. Irú E yìí ni Andrew Bastawrous àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò nínú ètò Peek Acuity, èyí tí wọ́n dán wò lórí fóònù ní Nakuru, ní Kẹ́ńyà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń méfò lè gba ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ má ṣe fi ìdáhùn kan ṣoṣo pinnu.

Kí kọ̀ǹpútà má ṣe kọjú sí fèrèsé. Bí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ lè dín kù fúnra rẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ó má sì bọ́ awò rẹ̀ bí ó bá ní. Kí àwọn tí ó kù dúró síta, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ ìdáhùn ẹnì kejì ti há a sórí.

Síbẹ̀, 6/6 kò sọ pé ojú kò ní àrùn. Glaucoma, tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ẹ̀gbẹ́ ìríran ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Bí ojú ọmọ kan bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ iye mítà àti èsì ojú kọ̀ọ̀kan fún àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, irú àwọn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ní ti ìjókòó rẹ̀ ní kíláàsì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti gbé e síwájú.