Bí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bá Kú Ńkọ́?



Ní oṣù October 2020, fóònù ọwọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ fi pe ara wọn jáde lòdì sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Orí Twitter ni wọ́n ti ń sọ ibi ìpàdé, tí wọ́n sì ń tọrọ owó oúnjẹ. Ó yá ju ìwé ìpè ìpàdé tiwa lọ, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀!

Ṣùgbọ́n ní November, ilé ẹjọ́ l'Ábùjá ní kí wọ́n ti àkáǹtì 20 pa. Ní June 2021, ìjọba ti Twitter fúnra rẹ̀ pa. Ó di January 2022 kó tó ṣí.

Ẹ̀yin ará gáréèjì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa tiwa náà, ta ni yóò rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀? Ẹ yan ènìyàn méjì-méjì kí ìpàdé yìí tó tú.