Dókítà Ọpọlọ Ọmọdé, Oníwòsàn àti Olùkọ́



Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ gìrì. Bí ó bá gbé ọmọ, ojú ọmọ náà a yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ilé a sì dàrú. Nígbà náà ni ìyá àgbà yóò gbé ìgò àgbo jáde, èyí tí a fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, ẹfinrin, aáyù àti àlùbọ́sà ṣe. Ìfẹ́ ni ó fi ń rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi ẹranko dán àgbo yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà yìí gan-an ni oúnjẹ ọpọlọ. Gìrì tí ibà fà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í fi àbùkù sílẹ̀. Àgbo ni ó ń fi í sílẹ̀.

Irú ìwádìí báyìí ni mo wá pe àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìṣègùn sí. Dókítà ọpọlọ ọmọdé tí í ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀: ó ń tọ́jú ọmọ oníwárápá àti ọmọ tí ibà pọ́njú ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ní ìkókó, ó ń kọ́ àwọn tí yóò rọ́pò rẹ̀, ó sì ń wádìí ohun tí ó fa àrùn náà. Nípa ìwádìí ni a fi mọ̀ pé kàfúrà tí a ń fi sáàárín aṣọ ọmọ tuntun lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, kí ibà pọ́njú sì tẹ̀lé e.

Ọ̀nà náà jìn, èmi kò ní tàn yín. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àti ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, àti ọdún kan tí a fi sin orílẹ̀-èdè, ọ̀dọ́ náà yóò tún fi ọdún púpọ̀ kọ́ nípa àrùn ọmọdé gbogbo, kí ó tó kan ti ọpọlọ. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún ni, lẹ́yìn oyè ìṣègùn: méjì fún àrùn ọmọdé, mẹ́ta fún ti ọpọlọ, àgbàlagbà sì ni wọn a fi ọ̀kan nínú mẹ́ta náà tọ́jú. Yunifásítì Cape Town pẹ̀lú ń gba àwọn dókítà láti ilẹ̀ Áfíríkà yòókù sí ilé-ìwòsàn ọmọdé Red Cross, kí wọn kọ́ṣẹ́, kí wọn sì padà lọ kọ́ àwọn ará ilé.

Bí ó bá padà dé, wọn a fi í ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì àti àgbà dókítà ní ilé-ìwòsàn. Ìwé tí ó bá kọ ni yóò gbé e dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Níhìn-ín ni ẹ̀dùn mi wà. Owó kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ọ̀dọ́ dókítà olùwádìí, tí àdéhùn rẹ̀ sọ pé ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò rẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ ti ìwádìí. Lọ́dọ̀ wa, èrò ìta ni ó ń gba ọ̀sán, òru ni ó kù fún ìwé kíkọ. Ìbá dára kí àwọn alákòóso ilé-ìwòsàn fi ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí wọn tó béèrè ìdí tí ó fi lọ sí òkè òkun.

Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ọmọ yín yóò ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa kí ó tó parí ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe máa bi í ní gbogbo ọdún Kérésìmesì pé nígbà wo ni yóò kọ́lé.