Awòran Di Àwòrán: Ọ̀rọ̀ Lórí Idán Àwọn Alárìnjó

Mo júbà o, nítorí pé alárìnjó kì í bọ́ sójú agbo láìjúbà, kò sì yẹ kí èmi tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rú òfin náà.

Inú aṣọ ni ọgbọ́n àwọn alárìnjó, ọmọ Ológbojò, wà. Ẹ̀kú kan náà a máa ní ojú lóde, a sì máa ní ojú nínú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìlù bá ti kó sí eégún apidán lára, tí ó ń pòyì, tí ó sì ń yí aṣọ náà po, ẹni tí ń jó ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn á di ọ̀ọ̀nì tí ń fi àyà wọ́lẹ̀, tàbí ẹní tí ń dá rìn. Àgbà mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ níbẹ̀, ọmọdé pàápàá fura, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ojú wọn ta aláré lọ́rẹ.

Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ Skọ́tílándì, àti Richard Lander tí ń bá a rìn, wo irú eré báyìí ní Ọ̀yọ́ Ilé, níwájú Aláàfin. Àwọn tí ó wọ àpò jó, wọ́n tàkìtì. Lẹ́yìn náà ni òjòlá jáde, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, wọ́n fi ọ̀dà kun aṣọ rẹ̀ kí ó lè jọ awọ ejò, ó ń lanu, ó ń panu dé, títí tí onídà fi ṣá a. Níkẹyìn, àpò kan ń wọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, ara funfun tẹ̀ lé e: òyìnbó ni! Ó rù hangogo, ó ń fi aṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn ará ìlú kọjú sí àlejò, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wò ó dáadáa. Clapperton fúnra rẹ̀ sì gbà nínú ìwé rẹ̀ pé aláré náà sín òyìnbó jẹ dáadáa.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí èdè wa fi pamọ́: awòran ni ẹni tí ń wo, àwòrán ni ohun tí a ń wò; ohùn lásán ni ó là wọ́n. Awòran ni àlejò náà nígbà tí ó jókòó. Kí eré tó tán, ó ti di àwòrán.

Iṣẹ́ àwọn alárìnjó kò tán síbẹ̀: Hubert Ògúńdé, òṣèré ọmọ Ìjẹ̀bú, bá àwọn eléégún ṣeré lọ́mọdé kí ó tó gbé eré tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Bí apidán bá sì dé ojú agbo yín lọ́la, ẹ wo àwọ̀n tí ó bo ojú ẹ̀kú rẹ̀ dáadáa: ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn àwọ̀n náà tí ń wò yín.