Ìwé Márùn-ún, Ohùn Kan: Bí Mo Ṣe Ka Fágúnwà Tán

 

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá tó lọ sílé ìwé bóyá ó ti ka ìwé ìtàn Fágúnwà, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá tún bi í pé èwo ló kà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni yóò dárúkọ, yóò sì dákẹ́. Nílé ẹ̀kọ́ girama, a há orúkọ àwọn ọdẹ inú rẹ̀, Kàkó, Ìmọ̀dóyè àti Olóhùn-iyọ̀, sórí nítorí ìdánwò, a gba máàkì wa, a pa ìwé dé. Nígbà tí mo di olùkọ́ ní yunifásítì, mo ń ka ìyókù bí iṣẹ́ bá ṣe béèrè: orí kan níhìn-ín, ojú ewé mélòó kan lọ́hùn-ún. Mo pe ìyẹn ní ìmọ̀.

Ojú ìyá mi ló mú mi kà wọ́n tán. Nígbà tí wọn ò ríran kàwé mọ́, wọ́n ní kí n máa wá ka nǹkan fáwọn nírọ̀lẹ́. Mo yọ ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ tí bàbá mi fi sílẹ̀ jáde nínú àpótí. Ikán ti lu ihò kan wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: «aiye» ló wà níbẹ̀, «enia» ló wà níbẹ̀, ojú mi sì ń kọsẹ̀. Etí ìyá mi ò kọsẹ̀ rárá. Bí mo bá ka ìdajì gbólóhùn, wọ́n á ti bá mi parí èyí tó kù kí n tó mí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé etí ni Fágúnwà kọ̀wé fún. Gbólóhùn rẹ̀ gùn; ẹni tó bá fẹ́ kà á sókè ní láti kọ́kọ́ fa èémí sínú bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn.

A tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde. Ògbójú Ọdẹ, ti 1938, la fi bẹ̀rẹ̀. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e, ní 1949 àwọn méjèèjì. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ní 1963 ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, dolóògbé.

Ìwé kejì ló dá mi dúró. Àkàrà-ògùn ni akọni ìwé àkọ́kọ́. Nínú Igbó Olódùmarè, bàbá rẹ̀, Olówó-ayé, ni ìtàn kàn. Ẹ wò ó dáadáa: ọdún ń lọ síwájú, ìtàn ń padà sẹ́yìn. Ọmọ la kọ́kọ́ mọ̀, ká tó wá mọ bàbá nígbà tí ara rẹ̀ le. Lálẹ́ ọjọ́ tí Olówó-ayé kojú Èṣù-kékeré-òde, ìyá mi gbọ́wọ́ lé ìwé náà. Wọ́n ní, «Bàbá ẹ náà rí báyìí nígbà tó ń wá mi bọ̀.»

Arúgbó ni mo mọ bàbá mi sí: ọ̀pá, ìwé orin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. A ò kàwé mọ́ lálẹ́ yẹn. Mo gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń gùn láti Iléṣà dé Ilé-Ifẹ̀ torí ìyá mi, òjò ì báà máa rọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n bá ọkùnrin kan wọ̀yá ìjà lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ ni mí nígbà náà, n kò sì bi ìyá mi léèrè rí irú ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ́.

Ìrìnkèrindò ló rẹ̀ wá jù. Àwọn ọdẹ tún kọrí sí Òkè Ìrònú, ọ̀nà wọn sì jọ ti Òkè Láńgbòdó inú ìwé àkọ́kọ́ jù lójú tèmi. Ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú Àdììtú ni yóò mọ ibi tí Fágúnwà ń lọ. Ìṣẹ́ inú ilé òbí ló lé Àdììtú, akọni ìwé náà, jáde. Nígbà tó sì rí Iyùnadé, lẹ́tà ìfẹ́ ni wọ́n ń kọ síra wọn. Ẹni tó fi ìbọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1938 ti di ẹni tó ń wo ohun tí ń gbọn ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí tákàdá. Ìwé kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹn hàn yín láéláé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo ní láti sọ níwájú yín. Mo ti kọ ọ́ rí pé ìwàásù Fágúnwà máa ń dí ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lónìí. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó jókòó sórí àga, tó pa ojú dé, tó ń ṣe «Àmín, ó rí bẹ́ẹ̀» sí ìmọ̀ràn tí mo máa ń fò kọjá. Olùkọ́ ni Fágúnwà; St Andrew's, Ọ̀yọ́, ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe é. Ìmọ̀ràn rẹ̀ wà fún ẹni tó fi etí gbọ́.

Ẹ̀yin èwe tí ẹ wà níbí, ẹ wá ìwé márùn-ún náà rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1938, ẹ má fo ọ̀kan. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kí ó kà á sókè fún wọn, kí ó sì pa ìwé dé bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò sí mọ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.