Ariwo Kọ́ Ni Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì ìwé kíkà sọ ní Koko, lórí àńpílì inú ọkọ̀



Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ bá ìlú sọ, akéde ni yóò gbé agogo. Á lu agogo, á dákẹ́, kó tó sọ̀rọ̀. Kì í lu agogo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ náà ti di akéde. Wọ́n á so báfù méjì mọ́ orí ọkọ̀, ọkọ̀ á gba ọ̀nà Savalou dé Bantè, á wọ Koko. Á máa kéde ọjọ́ àjẹsára ọmọdé, ọjọ́ títa kajú, ìnáwó òkú àgbà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí wọ́n ń sọ máa ń yé wa?

Mo jókòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọ̀rọ̀ àjẹsára la gbé lọ. A yí gbogbo bọ́tìnì dé òpin, a ní kí ará ọ̀nà jíjìn lè gbọ́. Ilẹ̀ ń mì tìtì. Ọjọ́ àjẹsára dé, àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá kò pọ̀. A bi àwọn yòókù léèrè. Ìyá àgbà kan dáhùn pé: “Ọmọ mi, a gbọ́ ariwo yín. Orin la pè é. Ta ló gbọ́ ọjọ́ nínú ẹ̀?” Lọ́sẹ̀ yẹn náà, báfù kan jóná. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Àwa ni.

Kí la ṣe tí kò dáa? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkíní ni ibi tí ohùn ti ń wá: redio, fóònù, tàbí míkírò tí à ń sọ̀rọ̀ sí. Èkejì ni àńpílì. Òun ló ń gba ohùn kékeré, tó ń sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀kẹta ni báfù tó ń gbé ohùn jáde fún wa.

Bọ́tìnì kékeré kan wà lára àńpílì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ ó lè kà á: G-A-I-N. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun la fi ń mú ohùn ròkè, bíi ti redio. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú redio àti àńpílì bá ara wọn mu. Ohùn tí redio kan ń fi ránṣẹ́ kò lágbára, ti òmíràn lágbára. GAIN ló ń jẹ́ kí àńpílì gba ti ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ. Kò lè fi agbára kún èyí tí àńpílì ní.

Àńpílì dà bí yàrá tó ní òrùlé. Ohùn inú rẹ̀ ń fò sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Bí a bá yí GAIN jù, ohùn á fò títí orí rẹ̀ á fi kan òrùlé. Òrùlé kò ní sún sókè. Orí ohùn ni yóò gé. Ohùn tí orí rẹ̀ ti gé yẹn ló máa ń há, tó máa ń dún bí aṣọ tó ń ya. Ó sì ń fi iná tó pọ̀ jù ránṣẹ́ sínú báfù, láìsí ìsinmi. Wáyà tín-ín-rín inú báfù á gbóná, á sì jó. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ pa redio. Ẹ yí GAIN sẹ́yìn pátápátá. Ẹ fi BASS àti TREBLE sí àárín. Bí BASS BOOST bá wà, ẹ pa á.

2. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ níta gbangba, nítorí èéfín. Bátìrì ọkọ̀ tó kún máa ń ní bíi 12.6 fólítì bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè tó 14. Bí iná bá lọ sílẹ̀, òrùlé ọ̀pọ̀ àńpílì á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kéde, ẹ pa á kí ẹ tó wọn ohùn.

3. Ẹ fi orin tó mọ́, tí ẹ mọ̀ dáadáa, sí i. Ẹ yí redio dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí sí 40, ẹ dúró sí 30.

4. Ẹ rọra máa yí GAIN sókè. Kí ẹnì kan dúró níta, kó fetí sílẹ̀. Bó bá gbọ́ pé ohùn fẹ́ há, kó nawọ́ sókè. Ẹ yí i padà díẹ̀ títí ohùn á fi mọ́. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀.

5. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí redio kọjá 30 mọ́. Ẹ wá dán míkírò wò pẹ̀lú ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù. Bó bá há, bọ́tìnì míkírò ni kí ẹ dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò lè fi ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fólítì ṣe é. Ká ní àńpílì ń gbé 100 wáàtì, báfù sì jẹ́ 4 óòmù. 100 lọ́nà 4 jẹ́ 400. Nọ́ńbà wo la ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò jẹ́ 400? 20 ni. Ẹ yọ wáyà báfù kúrò. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọn sí ojú AC. Ẹ fi ohùn àdánwò kan sí redio, èyí tí kì í ròkè, tí kì í sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n kíkún. Ẹ yí GAIN títí ẹ ó fi rí 20 fólítì, kí ẹ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: nọ́ńbà ńlá ara páálí lè tan yín. Ẹ wá wáàtì tó dájú nínú ìwé rẹ̀. Bí ti báfù bá kéré jù ú lọ, ti báfù ni kí ẹ lò.

Ọ̀dọ́ kan lè bi mí pé: “Bí a kò bá yí i dé òpin, báwo ni ará ìsàlẹ̀ odò ṣe máa gbọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wakọ̀ lọ bá a. Ẹ dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ kéde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohùn tó mọ́ tí kò ga púpọ̀ máa ń yéni ju ariwo tó gba gbogbo oko lọ.

Ní 1915, Peter Jensen àti Edwin Pridham fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn bá ọ̀pọ̀ èrò sọ̀rọ̀ ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Kí ọ̀rọ̀ lè dé etí ẹni tó dúró lókèèrè ni wọ́n ṣe é. Ohun tí àwa náà ń wá nìyẹn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ dá mi lóhùn:

Kí ni iṣẹ́ GAIN?
Kí ló ń gé orí ohùn?
Bí àńpílì bá jẹ́ 64 wáàtì, tí báfù sì jẹ́ 4 óòmù, fólítì mélòó la ó dúró sí?

Kí ọ̀rọ̀ wa máa yéni.