Ọjà Tí Oníbàárà Kò Lè Fọwọ́ Kàn: Ìmọ̀ Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Fẹ́ Tajà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti fi owó àjọ, owó alájẹṣẹ́kù, àní owó ilé-ìwé ọmọ pàápàá, bẹ̀rẹ̀ òwò yìí. Àwọn kan jèrè, àwọn mìíràn jẹ gbèsè. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe fóònù olówó ńlá. Ìmọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òwò náà jẹ́. Ọjà ni, gẹ́gẹ́ bí ọjà Sábó ní Ìkòròdú àti ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ṣe jẹ́ ọjà. Ṣùgbọ́n ní Olúwo, ẹni tí ó fẹ́ ra ẹja á wò ó, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó yọ owó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni ó rí. Nítorí náà, kí ẹ tó ta ẹja tàbí aṣọ fún un, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà yín gbọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ èyí. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn láti sanwó ọjà tí wọn kò tíì rí. Wọ́n wá gbà kí oníbàárà sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn fa oníbàárà mọ́ra, ṣùgbọ́n ó náni lówó, nítorí bí ẹni tí ó ní kí wọ́n gbé ọjà wá bá yí ọ̀rọ̀ padà, owó ọkọ̀ ti wọ̀gbẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 2018, Konga di ti ilé-iṣẹ́ Zinox. Ní ọdún kan náà ni DealDey kógbá sílé. Jumia gbé ṣíà rẹ̀ lọ sí ọjà New York ní ọdún 2019, síbẹ̀ ó ti ẹ̀ka tí ó ń gbé oúnjẹ kiri pa ní ìparí ọdún 2023. Bí ó bá le fún àwọn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní ₦30,000 lọ́wọ́ kọ́ iṣẹ́ kí ó tó dáwọ́ lé e. Àwọn ìmọ̀ tí ó ṣe pàtàkì nìwọ̀nyí.

Èkíní, ẹ mọ ọjà tí ẹ fẹ́ tà. Má ṣe ta bàtà nítorí pé aládùúgbò ń ta bàtà. Ẹni tí a bí sí ìdí ẹja ní Ẹ̀pẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ tútù àti èyí tí ó ti sùn. Ó mọ̀ pé ẹja a máa fúyẹ́ bí ó bá ti ń gbẹ, nítorí náà lẹ́yìn yíyan ni a ń wọn ọ́n fún oníbàárà. Ó mọ̀ pé bí a bá di ẹja yíyan sínú ọ̀rá nígbà tí ó ṣì gbóná, yóò làágùn, yóò sì bu. Kò sí fóònù tí ó lè kọ́ni ní èyí.

Èkejì, ẹ ṣàlàyé ọjà yín bí ó ti rí gan-an. Ọjà tiyín ni kí ẹ yà, kí ó jẹ́ ní ojú ọ̀sán, ẹ má ṣe yá àwòrán ẹlòmíràn lò. Ẹ fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀, bí ó bá sì ní àbùkù, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ pé kí oníbàárà wá béèrè owó ní kọ̀rọ̀, ẹ gbọ́: òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC fi ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ pàtẹ ọjà láìfi iye owó rẹ̀ hàn. Òfin náà sì fún ẹni tí kò ráyè yẹ ọjà wò tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà láìpẹ́, kí ó sì gba owó rẹ̀, bí ọjà náà kò bá bá àlàyé mu. Ẹ rí i pé òṣùwọ̀n èké tí Ìwé Òwe kórìíra kò ní ibi ìsápamọ́ sí lórí fóònù.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká sọ pé ẹ ra ẹja tútù ₦30,000. Igi àti owó ẹni tí ó bá yín yan án jẹ́ ₦4,000. Páálí àti ọ̀rá jẹ́ ₦1,500. Owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Ìkòròdú jẹ́ ₦3,000. Dátà jẹ́ ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦39,500. Bí ẹ bá tà á ní ₦42,000, ẹlòmíràn yóò rò pé òun jèrè ₦12,000. Irọ́ ni. ₦2,500 péré ni èrè náà. Bí oníbàárà kò bá sí nílé, tí ẹ sì tún san ₦3,000 láti gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ti pàdánù ₦500 nìyẹn. Ẹ ṣírò kí ẹ tó dá iye lé ọjà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ bí ọjà yóò ṣe dé. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtóìkín sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ má ṣe ṣèlérí wákàtí méjì fún ohun tí yóò gba ọjọ́ kan. Bí ìdádúró bá wà, ẹ tètè pe oníbàárà kí ó tó pè yín. Ẹ san owó tí ẹ bá oní-dispatch ṣàdéhùn, ẹ má sì di ẹ̀bi ojú ọ̀nà rù ú.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ owó yín. Nígbà tí owó náírà wọ́n lóde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn aláta pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó sínú àkáǹtì. Àwọn gbájúẹ̀ náà sì ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́. Kí ẹ tó yọ̀ǹda ọjà, ẹ wo inú àkáǹtì, ẹ má wo àlẹ́ẹ̀tì nìkan. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín àti èyí tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó.

Ẹ̀kẹfà ni ìwé kíkọ. Ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, a gbà pé kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ra ìwé kan. Ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, ẹni tí ó jẹ yín, ẹni tí ẹ jẹ, ẹ kọ ọ́ ní alaalẹ́. Ẹ fi orúkọ òwò náà sílẹ̀ ní CAC. Bí ẹ bá sì ń di oúnjẹ sínú páálí tí ó ní orúkọ yín, ẹ lọ béèrè ohun tí NAFDAC ń fẹ́.

Ní báyìí, mo fẹ́ bá ìdílé sọ̀rọ̀, nítorí ìdájọ́ òdodo a máa bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyá ni ó ń jí lọ sí Olúwo, òun ni èéfín ń bá lójú. Ọmọ ni ó ní fóònù. Nígbà tí owó bá dé, àkáǹtì ọmọ ni ó ń wọ̀. Ìyá kò mọ iye tí ó wọlé, ọmọ kò sì mọ iye tí ìyá ná. Láìpẹ́, ìyá á ní ọmọ ń jí òun lówó, ọmọ á ní ìyá kò mọ rírì iṣẹ́ òun. Òwò á bàjẹ́, ilé á sì dàrú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó mọ ẹja ju yín lọ kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ yín nítorí pé kò mọ fóònù tẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, jíjókòó ti fóònù láti dá oníbàárà lóhùn di òru kì í ṣe eré. Iṣẹ́ ni méjèèjì. Nítorí náà, kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ jókòó. Ẹ sọ iye tí yóò padà sínú owó ìdókòwò, iye tí ó jẹ́ ti ìyá, iye tí ó jẹ́ ti ọmọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún òwò náà, kí ẹ máa jọ ka ohun tí ó wà níbẹ̀ ní oṣooṣù. Ẹ má sì mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé láti wá di páálí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí à ń rajà. Ẹ má fi "ará ìjọ ni wá" gba ọjà àwìn kí ẹ wá máa sá fún olówó. Àwìn tí a kò san ti pa òwò tí gbájúẹ̀ kò rí pa.

Ẹ lọ kọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì kọ́ ara yín ní ohun tí ẹ mọ̀. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.